Oorun àti Oòrùn: Bí Àwọn Mùsùlùmí Ṣe Ń Sọ Ìtàn Ọjọ́ Iwájú

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní ìdúró nítorí pé àga kò kárí, àsàláámù àléékùm. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tiyín náà ni.

Àròsọ sáyẹ́ǹsì àwọn Mùsùlùmí ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ lónìí, ilé kéwú sì ni mo ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń ka Sùúrátù Káhàfì, orí Ihò Àpáta nínú Àlùkùránì. Ẹnu lásán ni mo fi ń kà á, ojú mi sì wà lára ẹgba Àáfà. Ọjọ́ tí Àáfà wá jókòó túmọ̀ rẹ̀ fún wa ni mo gbàgbé ẹgba. Àwọn ọ̀dọ́ kan sá fún àwọn abọ̀rìṣà ìlú wọn, wọ́n wọ inú ihò àpáta tàwọn ti ajá wọn, oorun sì gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n bi ara wọn pé, a ti pẹ́ tó níbí? Wọ́n ní bóyá ọjọ́ kan, bóyá kò tilẹ̀ tó ọjọ́ kan. Wọ́n kó owó fàdákà lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ pé kó lọ ra oúnjẹ tó mọ́ wá nígboro. Wọn ò mọ̀ pé 300 ọdún àti 9 ni wọ́n ti fi sùn. Àwọn onítafsíìrì, ìyẹn àwọn tó ń túmọ̀ Àlùkùránì, ní owó yẹn ló tú àṣírí wọn: ẹni tó ń ta oúnjẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé owó ayé ọba tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ni, ó sì rò pé wọ́n hú ìṣúra ni.

Mo bi Àáfà pé kí ló dé tí ara wọn ò jẹrà. Ó ní ṣé mi ò gbọ́ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ni? Pé Ọlọ́run ń yí wọn sọ́tùn-ún, ó ń yí wọn sósì. Pé bí oòrùn bá yọ, á yẹ̀ fún ẹnu ihò náà lápá ọ̀tún. Bó bá ń wọ̀, á gba apá òsì kọjá. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló sọ fún mi pé aláìsàn tí kò lè dá yí ara rẹ̀ padà, wákàtí méjì méjì ni wọ́n ń bá a yí i kí egbò má baà dá sí i lára.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò pe Àlùkùránì ní àròsọ. Ohun tí mò ń wí ni pé ọmọ tó bá ń gbọ́ ìtàn yìí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré pé èèyàn lè sùn ní ayé kan kó jí sí òmíràn, kí owó àpò rẹ̀ má ná mọ́. Bí wọ́n bá ní kí òǹkọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù gbé èèyàn lọ sí ọjọ́ iwájú, ẹ̀rọ ni yóò kàn. Òǹkọ̀wé Mùsùlùmí á ní kó lọ sùn. Mo mọ̀ pé àwọn Òyìnbó náà ní ìtàn asùnpẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ká lọ díẹ̀, ẹ ó rí i pé oorun àti oòrùn ni yóò máa pàdé wa lọ́nà.

Àròsọ sáyẹ́ǹsì tí à ń sọ yìí, *al-khayāl al-ʿilmī* ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Khayāl ni ohun tí ọkàn ń yà sójú ẹni. Òjìji náà ni wọ́n tún ń pè bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtàn Ẹgbẹ̀rún Òru àti Ọ̀kan, níbi tí ẹṣin tí wọ́n fi igi dúdú gbẹ́ ti ń fò lójú ọ̀run. Mo fẹ́ràn ẹṣin yẹn nítorí pé àlùjọ̀nnú kọ́ ló ń gbé e. Èèkàn kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń yí kó gòkè, òmíràn wà fún sísọ̀kalẹ̀. Ọmọ ọba gun ẹṣin, ó yí èèkàn àkọ́kọ́, ó dé òkè tán kó tó rántí pé òun ò bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà tí kò mọ ibi tí bíréèkì wà, ó mọ bó ṣe rí lára ọmọ ọba náà. Ṣùgbọ́n ẹṣin yẹn kì í ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Dókítà ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ibn Tufayl ni dókítà náà. Guadix, nítòsí Granada, ni wọ́n bí i sí ní ọ̀rúndún kejìlá, nígbà tí Mùsùlùmí ń ṣe ìjọba lórí gúúsù Sípéènì. Òun ló ń tọ́jú ara ọba ìran Almohad, Abu Yaqub Yusuf, òun náà ló mú Ibn Rushd, onímọ̀ ọgbọ́n orí, lọ fi han ọba. Ní 1185 ló kú sí Marrakesh. Ìtàn kan ṣoṣo ló mú kí a ṣì máa dárúkọ rẹ̀, *Hayy ibn Yaqzan*. Ẹ jẹ́ ká túmọ̀ orúkọ yẹn: Alààyè, ọmọ Ẹni-tó-lajú-sílẹ̀. Ẹni tí kò sùn.

Ọmọ kan wà ní erékùṣù kan láìsí ìyá, láìsí bàbá. Ibn Tufayl fún wa ní ìròyìn méjì nípa bó ṣe débẹ̀. Àwọn kan ní àbúrò ọba kan ló bí i níkọ̀kọ̀, tó gbé e sínú àpótí, tí omi òkun sì gbé e lọ. Àwọn mìíràn ní amọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ló wú, ooru àti òtútù bá ara wọn dọ́gba nínú rẹ̀, ó sì di èèyàn. Ìgalà ló fún ọmọ náà lọ́mú. Ó ń ké bí ìgalà, ó ń sáré bí ìgalà, ìtìjú sì mú un nígbà tó rí i pé òun ò níwo, òun ò sì nírun lára.

Lọ́jọ́ kan, ìgalà náà kú. Ọmọ náà ké sí i, kò dáhùn. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo etí rẹ̀, kò rí àléébù kankan. Ó ní á jẹ́ pé ohun tó bàjẹ́ wà nínú. Ó mú òkúta mímú àti èèrún esùsú, ó la àyà ìyá rẹ̀. Ó rí ẹ̀dọ̀fóró, ó kọjá rẹ̀. Ó dé ọkàn, ó la ìyẹn náà, ó bá yàrá méjì níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ dídì kún ọ̀kan, èkejì ṣófo. Ọmọ náà jókòó ti yàrá tó ṣófo yẹn, ó ń rò ó. Ó ní, ohun tí mò ń wá, ibí ló ń gbé, ó sì ti kó jáde.

Mo ti ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò tíì sú mi. Ọ̀fọ̀ ṣẹ ọmọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ dókítà ló ń ṣe. Láti ibẹ̀ ló ti lọ mọ iná, tó mọ ìràwọ̀, tó sì fi àròjinlẹ̀ tirẹ̀ nìkan mọ̀ pé Ọlọ́run wà.

Ní 1671, Edward Pococke tẹ ìwé náà jáde ní Oxford ní èdè Látìn. Simon Ockley tú u láti Lárúbáwá sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1708. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn ni Daniel Defoe gbé ìtàn tirẹ̀ jáde nípa ọkùnrin tó dá nìkan wà ní erékùṣù. Àwọn kan ti búra pé ó jí i ni. Mi ò bá wọn búra.

Dókítà mìíràn wá fèsì fún Ibn Tufayl. Ibn al-Nafis ni, ará Damásíkù tó lo ayé rẹ̀ ní Kairo, tó sì kú níbẹ̀ ní 1288. Òun ló kọ ọ́ ní 1242 pé ẹ̀jẹ̀ kì í gba ara ògiri àárín ọkàn kọjá, pé inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Ìwé yẹn wà nínú àká ìwé ní Berlin tí ayé ti gbàgbé rẹ̀, títí dókítà ará Íjíbítì kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, al-Tatawi, fi rí i ní 1924.

Ibn al-Nafis náà ní ọmọ tirẹ̀ ní erékùṣù tirẹ̀, Kamil lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà pé èèyàn lè dá nìkan mọ ohun gbogbo. Ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀, àwọn inú ọkọ̀ wọ Kamil láṣọ, wọ́n fún un ní oúnjẹ tí wọ́n fi iná sè, wọ́n kọ́ ọ lédè. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé èèyàn nílò èèyàn, àti pé àwọn èèyàn nílò òfin àti Ànábì. Nígbà tí ìtàn náà dé ìparí ayé, kò kan ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n kó sì dákẹ́. Ó ní ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀ ni yóò yí padà, tí ooru yóò pọ̀ jù níhìn-ín, tí òtútù yóò pọ̀ jù lọ́hùn-ún, tí ara àti ìwà ọmọ aráyé yóò sì dàrú. Àwa tí a ń gbọ́ nípa ojú ọjọ́ tó ń yí padà lórí rédíò, ẹ fojú inú wo ẹni tó ń kọ èyí ní ọ̀rúndún kẹtàlá.

Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1898, Muhammad al-Muwaylihi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn kan sínú ìwé ìròyìn ní Kairo, tó di odindi ìwé ní 1907. Olùsọ̀tàn lá àlá pé òun ń rìn ní itẹ́ òkú lóru. Ibojì kan là, Pasha kan jáde, ìyẹn ìjòyè ogun láti ayé Muhammad Ali tó jọba Íjíbítì láyé àtijọ́. Ó ní kí wọ́n lọ bá òun mú ẹṣin òun wá. Ẹṣin wo? Ayé ti yí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí àlééfà. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí Pasha ni pé òun àti oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jà lórí owó ọkọ̀, ó na ọkùnrin náà bí wọ́n ti ń ṣe láyé tirẹ̀, ọlọ́pàá sì gbé e. Àwọn lọ́yà àti ilé ẹjọ́ ló wá gba ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀. Owó ihò àpáta náà ni, àfi pé Pasha fúnra rẹ̀ ni owó tí kò ná mọ́.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí lónìí nìyí. Ní 1880 ni wọ́n bí òǹkọ̀wé obìnrin kan, Rokeya, sí Pairaband ní agbègbè Rangpur, ní ilẹ̀ Bengal, tó jẹ́ ara Bangladesh lónìí. Ilé ọlọ́rọ̀ ni, ilé eléhàá sì ni. Ọmọbìnrin lè kọ́ kéwú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọ́ Bengali àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ibrahim Saber, ló ń dúró kí gbogbo ilé sùn tán, tí á wá tan àbẹ́là, tí á máa kọ́ àbúrò rẹ̀ níwèé. Wọ́n fi í fún Sakhawat Hossain, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Bhagalpur, ọkùnrin tó fẹ́ kí ìyàwó òun mọ̀wé. Ní 1905, ọkọ rìnrìn àjò, ìyàwó dá nìkan wà nílé, ó sì kọ ìtàn kan ní Gẹ̀ẹ́sì kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. *Sultana's Dream* ni, Àlá Sultana. Nígbà tí ọkọ dé, orí ìdúró ló ti kà á tán, ó ní: "Ẹ̀san gbáà lèyí!"

Ẹ gbọ́ ẹ̀san náà. Obìnrin kan jókòó sórí àga nírọ̀lẹ́, ó ń ronú nípa ipò àwọn obìnrin ilẹ̀ Íńdíà. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun tòògbé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọlé, ó ní kó jẹ́ káwọn jáde nasẹ̀. Wọ́n dé títì, kò rí ọkùnrin kan ṣoṣo. Ìtìjú mú un, ó ń bojú. Àwọn obìnrin ìlú ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ń ṣe bí ọkùnrin. Nílùú yẹn, bí wọ́n bá ní èèyàn ń ṣe bí ọkùnrin, ohun tí wọ́n ń wí ni pé ojú ń tì í.

Àwọn ọkùnrin dà? Wọ́n wà ní ẹ̀há! Àwọn ló ń dáná, àwọn ló ń gbé ọmọ jó. (Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín lápá àwọn obìnrin. Ẹ rọra o.) Àwọn obìnrin ń fi wákàtí méjì péré ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì tí ọkùnrin ń fi wákàtí méje ṣe. Rokeya bá wa ṣírò rẹ̀: sìgá kan ń gba ààbọ̀ wákàtí kó tó jó tán, ọkùnrin ń fa méjìlá lójúmọ́, wákàtí mẹ́fà ti lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n awàdà nìkan kọ́. Ilé ìdáná tí wọ́n fi han Sultana kò ní èéfín, kò ní èédú. Oòrùn ni wọ́n fi ń dáná. Yunifásítì obìnrin méjì ló wà nílùú náà. Ọ̀kan ṣe bàlúùnù tó ń fa omi láti ojú sánmà kí òjò tó rọ̀, èkejì ṣe ẹ̀rọ tó ń kó ooru oòrùn jọ pa mọ́. Àwọn ọkùnrin fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn, torí pé ìbọn ni tiwọn, òun ló ń gbà wọ́n lákòókò. Ni ogun bá dé. Àwọn kan sá láti ìlú kejì wá forí pamọ́ sọ́dọ̀ ọbabìnrin, ó kọ̀ láti dá wọn padà, ọba ìlú wọn sì gbógun tì í. Ọmọ ogun ọkùnrin jà títí, wọn ò rí i ṣe. Ìgbà náà ni àwọn obìnrin ní kí gbogbo ọkùnrin wọ inú ilé lọ, nítorí pé àwọn ò lè jáde níṣojú ọkùnrin. Ó ti rẹ àwọn ọkùnrin, wọn ò jiyàn. Ọ̀gá yunifásítì kó 2,000 akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ sójú ogun, wọ́n da ooru tí wọ́n kó jọ kọjú sí ọ̀tá, ọ̀tá sì sá. Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kò ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọkùnrin mọ́.

Sultana wọ ọkọ̀ òfurufú láti padà sílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já bọ́. Ó lajú, orí àga rẹ̀ náà ló wà. Oorun ló gbé e lọ, oòrùn ló bá lọ́hùn-ún.

Ẹ rántí pé oṣù Kejìlá 1903 ni bàálù oníẹ̀ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Rokeya fúnra rẹ̀ wọ bàálù ní 1930, ó sì kọ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí. Bhagalpur ló ti kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ní 1911 ló tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kolkata, ilé dé ilé ló sì ń lọ bẹ àwọn òbí. Ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1932. Lójú mi, kò sí òǹkọ̀wé kan nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ lónìí tó tó o. Dókítà ìsáájú ń béèrè ohun tí èèyàn lè mọ̀. Òun ń béèrè ẹni tí wọ́n gbà láàyè láti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kairo. Ní 1933, Tawfiq al-Hakim gbé ìtàn ihò àpáta gan-an ṣe eré oníṣe, *Ahl al-Kahf*. Nínú tirẹ̀, àwọn tó jí náà gbìyànjú láti máa gbé ayé tuntun. Ọ̀kan wá ilé rẹ̀ lọ, wọ́n fi sàréè ọmọ rẹ̀ hàn án: ọmọdé tó fi sílẹ̀ ti dàgbà, ó ti darúgbó, ó ti kú. Èkejì rí ọmọ ọba tó jọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kò sì kọ́kọ́ yé e pé ẹlòmíràn ni. Nígbẹ̀yìn, gbogbo wọn padà sínú ihò lọ kú. Ní 1957, ọdún tí àwọn Rọ́ṣíà kọ́kọ́ ju ohun kan sókè ọ̀run tó ń yí ayé po, al-Hakim kọ òmíràn. Ẹlẹ́wọ̀n méjì tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún ni wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì rán lọ sí òfurufú. Nígbà tí wọ́n padà, ó ti lé ní 300 ọdún. Wọ́n ti ní rọ́kẹ́ẹ̀tì o, síbẹ̀ inú ihò náà ni wọ́n ṣì ń bọ̀ wá.

Nihad Sharif tẹ̀ lé e ní 1972 pẹ̀lú ìwé *Qahir al-Zaman*, Ẹni tó ṣẹ́gun Àkókò. Dókítà inú ìwé náà ń fi òtútù mú èèyàn sùn kí wọ́n lè jí sí ayé tí wọ́n ti rí oògùn àìsàn wọn. Wọ́n fi ṣe fíìmù ní 1987. Dókítà gidi sì ni Mustafa Mahmoud, tó kọ *al-ʿAnkabūt*, Aláǹtakùn, ní àárín 1960 sí 1970, tí gbogbo ìdílé ní Íjíbítì sì ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tó ń ṣe ètò lórí ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Dókítà ni Nabil Farouk láti Tanta, tó bẹ̀rẹ̀ *Malaf al-Mustaqbal*, Fáìlì Ọjọ́ Iwájú, ní 1984. Ìwé kékeré tó wọ àpò ṣòkòtò ni, kò wọ́n, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n sì ń yá ara wọn títí ewé á fi já. Ìran kan odindi ní ilẹ̀ Lárúbáwá ló fi ìwé àpò yẹn kọ́ ìwé kíkà ní àkàgbádùn, bí àwọn tèmi ṣe fi fótò àwòkà kọ́ ọ níbí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò ka irú ìwé yẹn sí. Mo rò pé wọ́n jẹ̀bi.

Dókítà ni Ahmed Khaled Tawfik náà, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Tanta. Ìwé rẹ̀ *Utopia* jáde ní 2008, ó sì fi ìtàn inú rẹ̀ sí ọdún 2023. Àwọn olówó Íjíbítì ti kó ara wọn jọ sínú odi kan létí òkun ní àríwá, sójà Amẹ́ríkà ló ń ṣọ́ wọn. Àwọn ìyókù wà níta nínú ìyà. Ọmọ olówó kan jáde láti lọ ṣọdẹ, èèyàn ni ẹran rẹ̀. Kò sí oorun nínú ìwé yìí, kò sí àlá. Àwọn ọmọ inú odi ti lo oògùn olóró títí ó ti sú wọn. Tawfik kú ní 2018, kò dé 2023. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó dàgbà lórí ìwé rẹ̀ ló rọ́ lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Tanta.

Ní Ìráàkì, Ahmed Saadawi kọ ìwé kan tó gba ẹ̀bùn ńlá àròsọ Lárúbáwá ní 2014, nípa alájàpá tó ń ṣa ẹ̀yà ara àwọn tí bọ́ǹbù pa ní Bágídádì, tó rán wọn pọ̀ di odindi èèyàn kí wọ́n lè rí nǹkan sin. Hassan Blasim, ọmọ Ìráàkì tó ń gbé ní Finland, wá pe àwọn òǹkọ̀wé ìlú rẹ̀ jọ pé kí kálukú kọ ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní 2103, ìyẹn 100 ọdún lẹ́yìn tí ogun Amẹ́ríkà wọ Ìráàkì. Kò rọrùn fún un láti rí wọn. Ẹ̀rù òní ló gba ọkàn wọn, wọn ò ráyè ro ọ̀la. Nígbẹ̀yìn, ìtàn mẹ́wàá ló rí kó jọ, ìwé náà sì jáde ní 2016.

Ọ̀kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni Khalid Kaki kọ. Ìlú Kirkuk ni, níbi tí àwọn Kurd, àwọn Turkmen àti àwọn Lárúbáwá ti jọ ń gbé. Ní ọjọ́ iwájú tó kọ nípa rẹ̀, àjèjì ló ń ṣàkóso ìlú, wọ́n sì ti fòfin de àwọn èdè àtijọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó fi wọ́n kọrin, wọ́n á sun òkú rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di dáyámọ́ńdì tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ bàtà aláṣẹ.

Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn nínú ìwé náà, mo dé e, mo gbé e sórí tábìlì. Mo rántí kíláàsì mi ní pámárì, níbi tí wọ́n ti ń so páálí mọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá lọ́rùn. Náírà márùn-ún ni owó ìtanràn. Mo san án lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì jẹ ìyà lẹ́ẹ̀kan nítorí pé mi ò ní owó lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ìbéèrè?